Òwú tó ní ọwọ́ mẹ́fà lẹ̀ mọ́ ara ìgò omi mi. Ẹ gbà mí, kí ni?

Ìgò_Omi | Ọjọ́ Àìkú, 7:42 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọjọ́ kẹrin rèé tí mo bu omi adágún sínú ìgò gbọọrọ kan, mo ju ewé omi díẹ̀ sí i, mo gbé e sójú fèrèsé. Lónìí ni mo rí nǹkan kan tó lẹ̀ mọ́ ara ìgò náà nínú. Ó rí bí òwú tó já kù, gígùn rẹ̀ kò tó èékánná ọwọ́ mi. Ìdí rẹ̀ lẹ̀ típẹ́típẹ́, orí rẹ̀ pín sí okùn tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́fà tó ń fì nínú omi. Mo ní gbòǹgbò ewé ni. Mo wá fi ìka kan ìgò náà, ká sọ pé ẹ rí i! Gbogbo rẹ̀ kó jọ, ó di kóró bí orí abẹ́rẹ́. Nígbà tó yá, ó tún na ara rẹ̀ jáde díẹ̀díẹ̀.

Gbòǹgbò kì í sá. Ṣé kòkòrò ni àbí ewéko? Ṣé ó lè ta mí?

AbẹAwò | Ọjọ́ Àìkú, 8:05 alẹ́

Hydra ni, àbúrò. Bí o ṣe ṣàlàyé rẹ̀ yẹn, n kò tún nílò àwòrán. Ẹranko ni. Kì í ṣe ewéko, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe kòkòrò. Ìbátan jẹ́lífíìṣì àti iyùn òkun ni, ìdílé tí a ń pè ní Cnidaria, àmọ́ inú omi tí kò níyọ̀ ni tirẹ̀ fi ṣe ilé.

Fi ọkàn rẹ ya àpò gbọọrọ kan. Ìdí àpò náà ní oje tó fi ń lẹ̀ mọ́ nǹkan. Orí rẹ̀ ni ẹnu wà, ọwọ́ sì yí ẹnu ká, ó sábà máa ń jẹ́ mẹ́rin sí mẹ́jọ, ó sì lè ju bẹ́ẹ̀ lọ. Inú àpò yẹn ni ikùn. Ó parí. Kò lọ́kàn, kò lẹ́jẹ̀, kò ní ẹ̀dọ̀fóró, kò ní ọpọlọ. Ìpele sẹ́ẹ̀lì méjì péré ni ara rẹ̀, ọ̀kan níta, ọ̀kan nínú, nǹkan kan tó rí bí jẹ́lì sì wà láàárín àwọn méjèèjì. Afẹ́fẹ́ tó fi ń mí ń gba ara rẹ̀ wọlé tààrà láti inú omi.

Ní ti pé kó ta ọ́: ó lè gbìyànjú rẹ̀, àmọ́ o kò ní mọ̀. Awọ ara rẹ nípọn jù fún un.

Ẹ̀rínKèékèé | Ọjọ́ Àìkú, 8:11 alẹ́

Kò lọ́kàn, kò lọ́pọlọ, ikùn nìkan ló ní. Mo mọ ẹni bẹ́ẹ̀.

Olùkọ́Àgbà | Ọjọ́ Àìkú, 9:20 alẹ́

Ìgò_Omi, ọmọ mi, o káre. Ìbéèrè tí o béèrè yẹn, "ṣé ewéko ni àbí ẹranko", ẹnìkan ti béèrè rẹ̀ ṣáájú rẹ ní 1740. Abraham Trembley lorúkọ rẹ̀, ọmọ Geneva ni, àmọ́ ìtòsí The Hague ní Netherlands ló wà nígbà náà, tó ń kọ́ ọmọ ìjòyè kan méjì lẹ́kọ̀ọ́. Òun náà bu omi sínú ìgò, ó gbé e sójú fèrèsé bíi tìrẹ. Àwọ̀ ewé ni èyí tó kọ́kọ́ rí. Ó rí i pé wọ́n ń rìn, ó ní ẹranko ni. Ó tún rí i pé iye ọwọ́ wọn kò dọ́gba, bí ẹ̀ka igi kì í ti í dọ́gba, ó ní àbí ewéko ni?

Ló bá mú àlùmọ́gàjí, ó gé ọ̀kan sí méjì. Èrò rẹ̀ ni pé bó bá jẹ́ ẹranko, á kú, bó bá jẹ́ ewéko, á rúwé. Ọjọ́ bíi mélòó kan kọjá, apá òkè ti hu ìdí, apá ìsàlẹ̀ ti hu orí àti ọwọ́. Ẹ̀rí tó ń wá dájọ́ òdì fún un, nítorí ohun tó rú yẹn tún ń rìn, ó tún ń pa ẹran jẹ.

Leeuwenhoek, ará Netherlands tó máa ń fi maikirosikóòpù wo ohun kéékèèké, ti rí ẹranko yìí ṣáájú, ó kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1702, àmọ́ kò gé e. Trembley ló gé e. Ó tún la orí ọ̀kan sí ọ̀nà púpọ̀ títí ó fi di olórí méje. Ó kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé tó jáde ní 1744. Nígbà tó di 1758, Linnaeus, onímọ̀ tó ń to orúkọ àwọn ẹ̀dá, fún un ní orúkọ Hydra, orúkọ ẹ̀dá inú ìtàn àwọn Gíríìkì, èyí tí a bá gé orí rẹ̀ kan, méjì á hù dípò.

Ìgò_Omi | Ọjọ́ Àìkú, 9:41 alẹ́

Ẹ ṣeun, sà. Ẹ ṣeun, Àǹtí AbẹAwò. Trembley ní ó ń rìn? Èmi ò tíì rí i kó kúrò lójú kan.

AbẹAwò | Ọjọ́ Àìkú, 9:58 alẹ́

Fi sùúrù wò ó. Á tẹ̀ ba bí ọrun, á fi ọwọ́ gbá ibi tó fẹ́ lọ mú, á tú ìdí rẹ̀ kúrò níbi tó wà, ìdí á gba òkè kọjá lọ balẹ̀ sí iwájú. Ó ń tàkìtì ni, bí ọmọdé. Nígbà mìíràn kì í ta á tán, á kàn fa ìdí rẹ̀ tẹ̀lé orí bíi kòkòrò tó ń fi ara wọn ilẹ̀. Ó tún lè rọra fi ìdí yọ̀ lórí ìgò, ìyẹn lọ́ra débi pé o ní láti sàmì sí ara ìgò kí o tó mọ̀ pé ó ti ṣí.

Ẹlẹ́ja | Ọjọ́ Ajé, 6:30 àárọ̀

Ẹ̀ ń yìn ín, àbí? Ẹ jẹ́ kí n sọ ti èmi. Mo ń sin ẹja inú àgbá gíláàsì. Mo kó ewé omi tuntun sínú rẹ̀, n kò fọ̀ ọ́. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, ara gíláàsì kún fún nǹkan yìí bí irùngbọ̀n. Ẹja ńlá kò kà wọ́n sí, àmọ́ ọmọ ẹja tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ bí, tín-ín-rín bí irun ojú, tó bá ti fara kan ọwọ́ yẹn, ó parí fún un. Mo rí ọ̀kan pẹ̀lú ojú mi. Ó gbọ̀n lẹ́ẹ̀mejì, ó dákẹ́, ọwọ́ mẹ́ta sì ń fà á lọ sẹ́nu. Mo mú irin, mo họ gbogbo wọn kúrò lára gíláàsì. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, wọ́n pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Olùkọ́Àgbà | Ọjọ́ Ajé, 7:02 àárọ̀

Ẹlẹ́ja, ẹ pẹ̀lẹ́. Àwọn tí ẹ fi irin họ tí wọ́n já sí wẹ́wẹ́ yẹn, ohun tí Trembley ṣe ni ẹ bá wọn ṣe. Oúnjẹ tí ẹ ń fún àwọn ọmọ ẹja náà sì ń bọ́ wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ẹlẹ́ja | Ọjọ́ Ajé, 7:09 àárọ̀

Ẹ wá ń rẹ́rìn-ín, sà.

AbẹAwò | Ọjọ́ Ajé, 12:47 ọ̀sán

Ohun tí Ẹlẹ́ja rí yẹn ló yẹ ká dúró lé díẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀dá yìí wà.

Ara ọwọ́ Hydra kún fún kókó kéékèèké. Bí o bá fi maikirosikóòpù wò ó, ó dà bí okùn tí wọ́n to ìlẹ̀kẹ̀ sí. Inú sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan níbẹ̀ ni ike bíńtín kan wà, okùn tẹ́ẹ́rẹ́ sì ká jọ sínú ike náà bí ejò. Ẹ jẹ́ ká pè é ní apó ọlọ́fà. Irun kan yọ síta lára rẹ̀. Bí ẹran bá fara kan irun yẹn, ike á ṣí, okùn á ta jáde. Irú wọn ju ẹyọ kan lọ: òmíràn ń gún ẹran, ó ń tu oró sí i lára, òmíràn ń wé mọ́ irun ara ẹran náà bí okùn pańpẹ́, òmíràn kàn ń lẹ̀ ni.

Ẹ wo bó ṣe yá tó. Ní 2006, àwọn olùwádìí ní Jámánì fi kámẹ́rà tó ń ya àwòrán tó ju mílíọ̀nù kan lọ láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan wo èyí tó ń gún. Láti ìgbà tí ọfà náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í jáde títí ó fi ba ẹran, ó tó nǹkan bíi 700 nanosecond. Bí a bá pín ìṣẹ́jú-àáyá kan sí mílíọ̀nù ọ̀nà, kò pé ẹyọ kan nínú rẹ̀. Agbára omi tó há sínú ike yẹn ló ń tì í jáde, ó sì pọ̀ ju ti afẹ́fẹ́ inú táyà ọkọ̀ lọ ní ìlọ́po-ìlọ́po.

Ọfà kọ̀ọ̀kan kì í ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Bí wọ́n bá ti ta á tán, ara á ṣe òmíràn rọ́pò. Ìdí nìyẹn tí kì í fi í ta gbogbo ohun tó bá fara kàn án. Hydra tó ti yó kì í fi bẹ́ẹ̀ ná ọfà rẹ̀.

Ìgò_Omi | Ọjọ́ Ajé, 1:15 ọ̀sán

Àǹtí, tí kò bá lójú, tí kò lọ́pọlọ, báwo ló ṣe mọ̀ pé ohun tó tà yẹn ṣeé jẹ?

AbẹAwò | Ọjọ́ Ajé, 1:33 ọ̀sán

Ó ń tọ́ ọ wò ni. Ọgbẹ́ tí ọfà dá sí ẹran lára ń tú omi ara rẹ̀ jáde, èròjà kan tí a ń pè ní glutathione sì wà nínú omi náà. Òun ni Hydra ń tọ́ wò. Olùwádìí kan, W. F. Loomis, fi èyí hàn ní 1955: ó kán glutathione sínú omi tí kò sí ẹran kankan níbẹ̀, Hydra sì ká ọwọ́ sẹ́nu, ó ya ẹnu, bí ẹni tó ń jẹun lójú àlá.

Má sì rò pé kò ní iṣan ìmọ̀lára rárá. Ó ní, ó ta ká gbogbo ara rẹ̀ bí àwọ̀n apẹja, kò kàn ní ibi tí wọ́n ti so ó jọ. Ní 2020 pàápàá, àwọn olùwádìí ní Japan kọ̀wé pé ó ní àkókò tó ń sinmi lọ́nà tó jọ oorun.

Olùkọ́Àgbà | Ọjọ́ Ajé, 4:50 ìrọ̀lẹ́

Kí n fi ti ẹnu kún un, torí ó jọ mí lójú. Nígbà tí Hydra bá pa ẹnu dé, kò sí ẹnu níbẹ̀ mọ́. Mo tún un sọ: kò sí. Kì í ṣe ètè méjì ló pàdé. Àwọn sẹ́ẹ̀lì ibẹ̀ so mọ́ ara wọn, awọ náà sì dán gẹ́gẹ́ bíi ti ibòmíràn lára rẹ̀. Bí ebi bá pa á lọ́la, á tún ní láti fa awọ yẹn ya kí ó tó jẹun. Ní 2016, àwọn olùwádìí ní California fi sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n pa láró tó ń tàn wò ó: àwọn sẹ́ẹ̀lì náà kì í kúrò ní ipò wọn, ńṣe ni wọ́n ń nà débi tí ìrísí wọn fi yí padà pátápátá. Ẹnu náà lè fẹ̀ ju fífẹ̀ ara rẹ̀ lọ.

Ẹ̀rínKèékèé | Ọjọ́ Ajé, 4:58 ìrọ̀lẹ́

Ẹ jọ̀ọ́ sà, tó bá wá jẹ tán, ibo ló ń gbà ya ìgbẹ́?

Olùkọ́Àgbà | Ọjọ́ Ajé, 5:01 ìrọ̀lẹ́

Ẹnu.

Ẹ̀rínKèékèé | Ọjọ́ Ajé, 5:02 ìrọ̀lẹ́

Mo tọrọ gáfárà. Mi ò ní béèrè nǹkan mìíràn.

Ìgò_Omi | Ọjọ́ Ajé, 8:26 alẹ́

Ìròyìn tuntun o. Mo fi gíláàsì asọ-nǹkan-dńlá wò ó, mo rí kókó kan tó yọ ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, bíi pé eéwo sọ ọ́. Mo tún rí Hydra kejì lábẹ́ ewé. Ṣé àìsàn ni kókó yẹn?

AbẹAwò | Ọjọ́ Ajé, 8:40 alẹ́

Oyún ni, bí a bá lè pè é bẹ́ẹ̀! Ọmọ ló ń hù lára rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ara ìyá ló ń wú síta, á gùn, á hu ọwọ́ tirẹ̀, ìdí rẹ̀ á pa dé, á já bọ́, á lọ. Bí oúnjẹ bá wà, kò gbà ju nǹkan bí ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin lọ. Kò nílò akọ. Kíyè sí i tí ìyá bá jẹ ẹran tó pupa díẹ̀: ikùn wọn kò tíì pínyà, nítorí náà pupa yẹn á ṣàn wọ inú ọmọ.

Nígbà tí nǹkan bá le, bíi kí omi tutù tàbí kí ebi mú, ọ̀pọ̀ irú Hydra á yí ọ̀nà padà. Wọ́n á hu kókó tó ń tu àtọ̀ sínú omi, tàbí ti ẹyin. Ẹyin tó bá gba àtọ̀ á fi èèpo líle bo ara rẹ̀, á dúró de ìgbà tó rọrùn.

Alátakò | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 10:12 àárọ̀

Gbogbo yín ń yí ọ̀rọ̀ náà po, ẹ ò dárúkọ ibi tó gbóná. Hydra kì í kú! Mo kà á níbi púpọ̀. Ẹ̀dá kan ṣoṣo tí ikú kò mọ ilé rẹ̀. Kí ló dé tí ẹ̀ ń fi pamọ́?

Ẹlẹ́ja | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 10:20 àárọ̀

Kì í kú kẹ̀? Èmi ti pa á. Oògùn tó ní kọ́pà nínú pa gbogbo wọn ní ọjọ́ kan. Ó pa àwọn ìgbín omi mi mọ́ ọn.

AbẹAwò | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 1:05 ọ̀sán

Alátakò, kò sẹ́ni tó ń fi nǹkan pamọ́. Ọ̀rọ̀ méjì lẹ dà pọ̀. Kíkú yàtọ̀, gbígbó yàtọ̀. Hydra ń kú. Aràn pẹlẹbẹ inú omi ń jẹ ẹ́, ebi ń pa á, ooru ń pa á. Ohun tí a kò rí lára rẹ̀ ni gbígbó.

Báwo la ṣe mọ̀? Ẹ̀dá tó bá ń gbó, bí ọjọ́ orí rẹ̀ ṣe ń lọ sókè ni ikú ń sún mọ́ ọn, ìbímọ rẹ̀ ń dín kù. Olùwádìí kan, Daniel Martínez, tọ́jú àwọn Hydra fún ọdún mẹ́rin, ó kọ èsì rẹ̀ ní 1998: wọn kò fi àmì àgbà hàn. Àwọn kan ní kò pẹ́ tó. Ni òun àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bá tún ṣe é, Hydra 2,256, ọdún mẹ́jọ, èsì jáde ní 2015. Iye tó ń kú lọ́dọọdún kéré gan-an, kò sì gòkè bí ọdún ṣe ń gorí ọdún. Èyí tó ti pẹ́ àti èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ já lára ìyá rẹ̀, bákan náà ni ikú ń wò wọ́n.

Alátakò | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 1:30 ọ̀sán

Ọdún mẹ́jọ kì í ṣe títí ayé.

AbẹAwò | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 1:34 ọ̀sán

Òótọ́ ni. Ìdí nìyẹn tí n kò fi sọ pé títí ayé. Ẹ̀yin lẹ sọ ọ́ o.

Olùkọ́Àgbà | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:44 ìrọ̀lẹ́

Hahaha. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe ń ṣe é. Sẹ́ẹ̀lì àárín ara Hydra kì í dẹ́kun pípín. Bí tuntun ṣe ń wọlé láàárín, bẹ́ẹ̀ ló ń ti àwọn ti ìṣáájú lọ sí ọwọ́ àti sí ìdí, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń já dànù sínú omi, tàbí kí wọ́n bá ọmọ tó ń hù lọ. Ní nǹkan bí ogún ọjọ́, gbogbo ara ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di òmíràn. Odò tó ń ṣàn níwájú ilé kò kúrò níbẹ̀, àmọ́ omi àná ti lọ. Ara tiwa ní sẹ́ẹ̀lì tó ń rọ́pò ara wọn náà, bíi ti awọ, àmọ́ ti ọkàn àti ọpọlọ ṣòro. Hydra kò ní ọkàn tàbí ọpọlọ tí á bàjẹ́.

Ohun kan tún wà tí àwọn tó ń pariwo "kì í kú" kì í sọ. Irú Hydra kan wà, Hydra oligactis. Bí omi bá tutù tí ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í pèsè ẹyin tàbí àtọ̀, ọwọ́ rẹ̀ á kúrú, kò ní lè mú ẹran mọ́, láàárín oṣù mélòó kan ọ̀pọ̀ nínú wọn á ti kú. Gbígbó tòótọ́ nìyẹn, nínú ìdílé kan náà.

Ìgò_Omi | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:15 alẹ́

Ẹ má bínú sà, mo ti gé ọ̀kan. Èyí tó wà lábẹ́ ewé, tí kò lọ́mọ lára. Mo fi abẹ tuntun gé e láàárín, mo tún gé ọwọ́ ẹyọ kan sọ́tọ̀. Mo kó ègé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú abọ́ kékeré. Ṣé á di mẹ́ta?

AbẹAwò | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:29 alẹ́

Omi adágún kan náà lo lò, àbí? Má lo omi ẹ̀rọ, èròjà tí wọ́n fi ń pa kòkòrò inú rẹ̀ lè pa wọ́n.

Méjì ni á dà. Sẹ́ẹ̀lì ọwọ́ ti yan iṣẹ́ tí wọ́n á ṣe, wọn kì í pín mọ́, nítorí náà ọwọ́ nìkan kò lè di odindi. Àmọ́ ara rẹ̀, ègé tí sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ kò ju ọgọ́rùn-ún mélòó kan lọ tó. Ní 1972, Alfred Gierer àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Jámánì tú Hydra sí sẹ́ẹ̀lì ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n kó o jọ bí òkìtì, òkìtì náà sì to ara rẹ̀ di Hydra padà.

Ègé kọ̀ọ̀kan sì mọ ibi tí òkè rẹ̀ wà, orí kì í hù níbi tó yẹ kí ìdí wà. Ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Ethel Browne ló kọ́kọ́ fi hàn ní 1909 pé agbègbè ẹnu ló ń pàṣẹ: ó gé díẹ̀ níbẹ̀, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ Hydra mìíràn, odindi orí tuntun hù ní ẹ̀gbẹ́ náà, ó sì fi sẹ́ẹ̀lì onílé kọ́ ọ.

Ìgò_Omi | Ọjọ́ Ẹtì, 6:50 ìrọ̀lẹ́

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ gbọ́.

Apá òkè: ọgbẹ́ rẹ̀ ti pa dé lọ́jọ́ kejì, lónìí ó ti lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ abọ́. Apá ìsàlẹ̀: lánàá mo rí kókó mẹ́rin róbótó lórí rẹ̀, bí eyín ọmọdé tó fẹ́ hù. Lónìí wọ́n ti di ọwọ́, wọ́n kúrú, àmọ́ wọ́n ń fì. Mo fi kòkòrò omi Daphnia kan sí i, ó mú un! Ọwọ́ tí mo gé sọ́tọ̀ mì díẹ̀ lọ́jọ́ kìíní, lẹ́yìn náà ó fọ́, n kò rí i mọ́. Gẹ́gẹ́ bí Àǹtí ṣe wí.

Ti inú ìgò ńkọ́? Ó jẹ nǹkan pupa kan lánàá, ara rẹ̀ di pupa rẹ́súrẹ́sú, pupa náà sì wọ inú ọmọ. Láàárọ̀ yìí mo jí, ọmọ ti já, ó dúró lọ́tọ̀ ní ìwọ̀n ìka kan sí ìyá rẹ̀.

Mo da àwọn inú abọ́ padà sínú ìgò. Nígbà tí gbogbo wọn nà tán, mo fi ìka kan ìgò náà. Mẹ́rin ló di kóró.

Ẹlẹ́ja | Ọjọ́ Ẹtì, 7:03 alẹ́

Mẹ́rin lónìí. Jọ̀ọ́, má da omi ìgò yẹn síbi tí ẹja bá wà.